Kíìtì ìtúnṣe pẹ́dà Ìjàpá: búùṣì tuntun nìkan ò lè ṣe é

Nínú ọ̀rá kékeré kan ni kíìtì yìí máa ń wà: búùṣì méjì (òrùka tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀), píìnì oníhò kan tó di pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, sípírìngì tó ń dá pẹ́dà bíréèkì padà, píìnì àti kílíìpù ọ̀pá tó ń ti másítà sílíńdà (ẹ̀yà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà), àti rọ́bà ìtẹ̀mọ́lẹ̀ méjì. Ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ ni pé pẹ́dà Volkswagen Ìjàpá yóò dà bí tuntun lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó tán. Ká sọ ojú abẹ níkòó: búùṣì inú rẹ̀ dára, rọ́bà rẹ̀ kò burú, píìnì rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, ohun tó sì ń ba pẹ́dà jẹ́ gan-an kò sí nínú ọ̀rá náà rárá. Ẹni tó bá pààrọ̀ búùṣì tí kò wo ṣáàfù, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Mọ́tò tó kẹ́yìn nínú Ìjàpá jáde ní ilé iṣẹ́ Puebla ní Mẹ́síkò ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 21. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò fi wọ́n lọ́jà títí di òní, ìdí kan náà sì ni pé oríṣiríṣi ọwọ́ ló ń ṣe ẹ̀yà náà, tí kíìtì méjì tó jọra bí ìbejì lójú fi lè yàtọ̀ pátápátá lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe rí. Pẹ́dà Ìjàpá kì í rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní. Láti ilẹ̀ ló ti nàró. Àkójọ pẹ́dà náà fi ẹ̀gbẹ́ ti táńẹ̀lì àárín, ìyẹn àpótí irin tó gùn láti iwájú mọ́tò dé ẹ̀yìn, bóòtù M8 ló sì dì í mú, èyí tí sípánà 13 ń tú. Pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì kò yí lórí ṣáàfù o. Píìnì ti dè é mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń yí pọ̀ ni. Orí kejì ṣáàfù náà wọ inú táńẹ̀lì lọ, ìkọ́ irin kan wà lórí rẹ̀ níbẹ̀, ìkọ́ yìí ni ojú kébù kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ mọ́. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ awakọ̀, láti pẹ́dà dé gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn, orí píìnì kan, ṣáàfù kan, búùṣì àti ìkọ́ kan ló ń gbà kọjá. Ibi mẹ́rin yẹn ló ń jẹ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó sórí àga awakọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ mú orí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì díẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ń yẹ̀ débi tó fi ń kan pẹ́dà bíréèkì, búùṣì ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ síwájú kí ẹ máa fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “kó” kan kí kébù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí pẹ́dà sì ti lọ díẹ̀ kí ṣáàfù tó tẹ̀ lé e, ihò píìnì ló ti fẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń fà dáadáa ṣùgbọ́n tó ń ta lójijì láàárín, tí ẹ bá sì gbọ́ bí ìgbà tí irin ń yọ̀ lórí irin nínú táńẹ̀lì, ìkọ́ ni kí ẹ fura sí.

Àmì tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni gíà tó ń han, pàápàá gíà kìíní àti ti ẹ̀yìn. Bí búùṣì àti píìnì bá ti jẹ, apá kan nínú ìrìn pẹ́dà á ṣòfò, kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú tán. Kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á lọ sẹ́yìn, wọ́n á fún nọ́ọ̀tì alápá tó wà lẹ́nu kébù, gíà á sì wọlé wọ́ọ́rọ́. Inú wọn á dùn. Àyè tó yẹ kó wà lẹ́nu pẹ́dà ni wọ́n jẹ tán yẹn o. Bẹ́ríìnì kílọ́ọ̀ṣì á máa fara kan àwo rẹ̀ láìsinmi, yóò gbóná, yóò pariwo, yóò jó. Nígbà tí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tán tí wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì odindi, búùṣì pẹ́dà tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe: kò sí Ìjàpá tó ti pẹ́ tí kò ní irú rẹ̀ lára.

Ní ti títú u, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì alápá náà wà lápá òsì gíábọ́ọ̀sì, ẹ ó rí i bí ẹ bá na ọwọ́ gba ẹ̀yìn táyà òsì. Ẹ fi púláyà mú ẹnu kébù kí ó má bàa máa yí tẹ̀ lé nọ́ọ̀tì; kébù tó bá lọ́ pọ̀ nínú ọ̀pá rẹ̀, ìgbà díẹ̀ ló kù tí yóò já. Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà títí kébù á fi dẹ̀. Ẹ wá sí iwájú, ẹ yọ kílíìpù àti píìnì tó so pẹ́dà bíréèkì mọ́ ọ̀pá tó ń ti másítà sílíńdà. Ẹ má fọwọ́ kan gígùn ọ̀pá náà: bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ ni kó wà. Iṣẹ́ yìí kò ní kí ẹ ṣí páìpù bíréèkì kankan, nítorí náà ẹ kò nílò láti fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú ibi tí àsẹ́lẹ́rétọ̀ ti so mọ́ apá rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú àwọn bóòtù M8 náà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe rèé. Tí àkójọ pẹ́dà bá ti kúrò lára táńẹ̀lì, ojú kébù ṣì wà lórí ìkọ́. Ẹ má já a gbà. Ẹ fà á jáde díẹ̀, ẹ ki ìka bọ inú ihò, ẹ yọ ojú kébù kúrò, kí ẹ sì fi wáyà tín-ín-rín so ó mọ́ ẹnu ihò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá yọ́ padà sínú táńẹ̀lì, wákàtí kan gbáko lè lọ sórí wíwá a pẹ̀lú wáyà títẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì. Lórí ilẹ̀ táńẹ̀lì níbẹ̀ ni omi tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì máa ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni másítà sílíńdà tó bá ń jò ń kán sí, nítorí náà ìpẹtà àti ọ̀dà tó ti bó kì í ṣe ohun àjèjì. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá ti rin ibẹ̀, ẹ tún másítà sílíńdà ṣe kí ẹ tó dá pẹ́dà padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà tuntun tí ẹ bá kùn á wú bí ẹ̀kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Yíyọ píìnì oníhò ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọlé dáadáa rin ín di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé pẹ́dà lé igi líle tó ní ihò lábẹ́, kì í ṣe pé kí ẹ gbé e sáàárín ẹnu báìsì lásán, torí pé ṣáàfù lè tẹ̀. Irin ìlù tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píìnì náà. Èyí tó bá kéré á wọnú ihò àárín rẹ̀, á sì fẹ̀ ẹ́ sí i, ohun tí ẹ ń yọ á wá di ohun tí ẹ ń há. Bó bá kọ̀, ẹ fi iná yá orí pẹ́dà, kì í ṣe píìnì, kí ẹ tún lù ú.

Wàyí o, ṣáàfù. Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ mú fániá kálípà, irinṣẹ́ tó ń wọn ìdá mílímítà, ẹ wọn ibi tí búùṣì kì í dé, ẹ tún wọn ibi tí búùṣì ń jókòó sí, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìhà méjì, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń jẹ. Ìfà kébù ń fà á síbi kan náà nígbà gbogbo, nítorí náà ṣáàfù á dà bí òṣùpá tó ti ń fá: ó yípo níbí, ó tẹ́ lọ́hùn-ún. Bí ìyàtọ̀ bá wà lábẹ́ 0.1 mm, ẹ fi sáńdípépà wẹ́wẹ́ nù ún kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ti lé ní 0.2 mm, ẹ má wulẹ̀ fi búùṣì tuntun sí i. Búùṣì tó yípo dáadáa kò lè di ṣáàfù tó ti fẹ̀gbẹ́ mú. Á máa mì láti ọjọ́ kìíní, etí ibi tó jẹ náà á sì máa gbẹ́ búùṣì tuntun bí àdá. Kí olówó kíìtì tó kọ “ìtúnṣe pípé” sára ọ̀rá, ó yẹ kó fi ṣáàfù kún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ búùṣì fúnra rẹ̀. Ti ìdẹ àti ti náílọ́ọ̀nù ló wà. Náílọ́ọ̀nù kì í pariwo, kì í sì í bẹ̀bẹ̀ fún gíríìsì, ṣùgbọ́n ó nílò ṣáàfù tó dán bí dígí. Ìpẹtà kékeré lásán á họ ọ́ tán. Ìdẹ ló dára jù fún ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti pẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin tẹ̀ pọ̀, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń mu ọ́ìlì. Èyí tó wà nínú kíìtì yìí irú bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rì í sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Ẹ má fi òòlù lù ú wọlé: ẹ wá bóòtù gígùn kan, nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà méjì tó tóbi ju búùṣì lọ, kí ẹ fi wọ́n fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti wọlé tán, ihò inú rẹ̀ á ti sún kì díẹ̀, torí pé ọ̀pá òde há a mọ́ra. Ṣáàfù tó wọ̀ ọ́ kí ẹ tó há a lè má wọ̀ ọ́ mọ́. Àṣìṣe kọ́ nìyẹn, kíìtì náà kò bàjẹ́. Ẹ fi ríìmà, irinṣẹ́ tó ń mú ihò fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbẹ́ ẹ títí ṣáàfù á fi wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, tí àyè tó kù á wà láàárín 0.05 sí 0.1 mm. Ẹni tí kò bá ní ríìmà, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì. Ẹ má fi sáńdípépà gbẹ́ búùṣì ìdẹ: òkúta rẹ̀ á há sínú ihò wẹ́wẹ́ yẹn, yóò sì máa fá ṣáàfù lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Píìnì inú kíìtì ni a kò fẹ́. Píìnì oníhò tó dára, irin sípírìngì ni. Ẹ fi fáìlì fà á lára, fáìlì á yọ̀. Ti inú ọ̀rá yìí, fáìlì bù ú jẹ bí iyán. Ẹ tún wọn ìbú rẹ̀: píìnì tí wọ́n ń pè ní 8 mm gbọ́dọ̀ tó bíi 8.5 mm tàbí kó lé díẹ̀ nígbà tí kò tíì wọ ihò, nítorí pé fífún tí ihò ń fún un ló ń mú un dúró. Bó bá wọlé wọ̀ọ́, yóò jáde wọ̀ọ́. Ẹ ra èyí tó dára lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ. Bí ihò orí pẹ́dà bá ti di ẹyin, ẹ gbẹ́ ihò pẹ́dà àti ti ṣáàfù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ìwọ̀n tó tóbi tẹ̀ lé e, kí ẹ sì lo píìnì ìwọ̀n náà. Ìṣó, bóòtù rírọ̀, ìdí bíìtì tí wọ́n gé, gbogbo ìyẹn la máa ń rí, gbogbo wọn ló sì máa ń gé. Jíjó pẹ́dà mọ́ ṣáàfù ni èyí tó burú jù, torí pé ẹni tó bá jó o ti sọ pé búùṣì kò ní pààrọ̀ mọ́ láéláé.

Ìkọ́ kébù ńkọ́? Kíìtì kò rí tirẹ̀ rò. Ojú kébù máa ń gbẹ́ ọ̀nà sínú ìkọ́ náà, títí ẹnu ìkọ́ á fi tín-ín-rín. Lọ́jọ́ kan, á já tàbí kébù á yọ̀ kúrò, pẹ́dà á sì ṣubú sílẹ̀ bí ọwọ́ tó yarọ. Bí kòtò tó wà lára ìkọ́ kò bá jìn, ẹ lè ní kí wẹ́dà fi irin kún un, kí ẹ wá fi fáìlì sọ ọ́ di rìbìtì, kó dán, kó má ní igun. Kí ẹ tó fi búùṣì sí ni kí ẹ ṣe èyí o, nítorí iná wẹ́dà á gbẹ ọ́ìlì inú ìdẹ, á sì yọ́ náílọ́ọ̀nù. Bí kòtò náà bá ti jìn, ẹ ra ṣáàfù tuntun tó ní ìkọ́ lórí. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Lójú tiwa, ṣáàfù yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí kíìtì tó tẹ̀ lé e.

Sípírìngì bíréèkì inú kíìtì le ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, èyí kò sì ṣe nǹkan. Rọ́bà ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wọ̀ dáadáa bí ẹ bá fi omi ọṣẹ pa á. Ẹ má fi gíríìsì, ẹsẹ̀ á yọ̀. Àsẹ́lẹ́rétọ̀ kò sí nínú ọ̀ràn kíìtì yìí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣí, ẹ fi gíríìsì sí píìnì ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gíríìsì sí ojú ìkọ́, ẹ fi kébù kọ́ ọ, kí ẹnì kan wà lẹ́yìn mọ́tò kó máa fà á wẹ́rẹ́ kó má dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pẹ́dà ṣubú síwájú kí àkójọ tó wọ àyè rẹ̀. Bí kébù bá dẹ̀ nígbà kan péré, ó ti yọ nìyẹn, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi di bóòtù tán. Bóòtù M8 wọ̀nyẹn, nǹkan bíi 20 Nm (ìwọ̀n agbára tí sípánà fi ń fún bóòtù) ti tó wọn. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fún un lè fa òwú inú táńẹ̀lì já.

Bíréèkì ló kàn. Àwo ìdádúró tó wà nídìí pẹ́dà ni ẹ ó fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀: ẹ tì í síwá tàbí sẹ́yìn títí àyè 1 mm á fi wà láàárín ọ̀pá àti písítìnì másítà sílíńdà. Lórí pẹ́dà, èyí á hàn bí 5 sí 7 mm kí ẹsẹ̀ tó rí ìtakò. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí àyè yẹn kò bá sí, písítìnì kò ní padà dé ibi ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sí àpò rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá sì ti gbóná, yóò wú, bíréèkì á máa di táyà mú fúnra rẹ̀, àgbá bíréèkì á sì gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè kàn án.

Ní ti kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fún nọ́ọ̀tì alápá títí pẹ́dà á fi ní àyè 10 sí 20 mm lókè kí ó tó le. Ẹ rí i pé apá nọ́ọ̀tì náà wọ inú ojú rẹ̀ lára apá gíábọ́ọ̀sì, kó má bàa tú fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ náà, ẹ wo ọ̀pá rírọ̀ tí kébù gbà wọ ẹ̀yìn: ó yẹ kó tẹ̀ sílẹ̀ láàárín ní 25 sí 45 mm. Bó bá nà gbọnrangandan, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra. Bó bá tẹ̀ jù, kébù á máa fa ara rẹ̀ já. Wọ́ṣà ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń rà láti òkèèrè: mọ́tò tí sítiárìn rẹ̀ wà lápá òsì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ kíìtì yìí fún. Àkójọ pẹ́dà ti apá ọ̀tún yàtọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ṣáàfù yín ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà, kì í ṣe ọdún mọ́tò nìkan, torí àkójọ inú mọ́tò tó ti pẹ́ lè má jẹ́ èyí tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́.

Bí ṣáàfù yín bá ṣì yípo tí ìkọ́ rẹ̀ sì nípọn, ẹ ra kíìtì yìí, ẹ ju píìnì rẹ̀ nù, ẹ ó sì gbádùn búùṣì rẹ̀. Bí ṣáàfù bá ti fẹ̀gbẹ́, ṣáàfù tuntun, píìnì gidi àti búùṣì ìdẹ tí ẹ rà lọ́kọ̀ọ̀kan sàn jù ú lọ. Ní èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń wà á, ẹ padà sí ìdí nọ́ọ̀tì alápá náà kí ẹ tún wọn àyè pẹ́dà, nítorí pé ojú kébù á ti jókòó dáadáa sórí ìkọ́, àyè náà á sì ti yí padà díẹ̀.